Ìkíni Ló Pa Áàpù Mi

Kì í ṣe ọ̀tá ló pa áàpù mi. Ìkíni ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, ó dùn mí.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Ìlọ́fà ló bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ pé kí n kọ áàpù kan, ìyẹn ojú-ìwé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn tó wà nílé àti àwọn tó wà lẹ́yìn odi yóò ti máa gbúròó ara wọn: ta ló bímọ, ta ló ṣílé, ara ta ni kò yá. Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, ni mo fi kọ ọ́. Nígbà tó kan dátábéèsì, ìyẹn ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ yóò máa sùn sí, mo mú SQLite, nítorí pé fáìlì kan ṣoṣo ni, kò ní wàhálà. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ n'Ílọrin ní kí n mú PostgreSQL, dátábéèsì mìíràn, pé SQLite kì í gbà kí èèyàn tó ju ẹyọ kan lọ kọ nǹkan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, "Ìlọ́fà la wà o, a ò sí ní Amẹ́ríkà. Àwọn wo ló fẹ́ kọ̀wé tó bẹ́ẹ̀?" Ohun tí wọ́n kọ́ mi náà nìyẹn: èèyàn púpọ̀ ló ń kà, díẹ̀ ló ń kọ. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò mọ ará ilé wa.

Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú n'Ílọrin. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo gbé wọn dé, mo kọ ọ́ sórí ojú-ìwé wa pé Bàbá ti dé, a dúpẹ́. Háà! Wọ́n ṣáà ní ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀ pàdánù ẹ kú ilé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ pàdánù. Ẹni tó kí ẹ kú àbọ̀ á tún padà wá kí ẹ kú ewu, á tún rántí pé òun ò tíì kí ẹ kú ìnira. Bàbá, tí báńdéèjì bo ojú wọn kan, ní kí n máa ka gbogbo rẹ̀ sí àwọn létí, kí n sì máa dá oníkálukú lóhùn, nítorí agbéraga ni ẹni tí a kí tí kò dáhùn. Bí mo bá dáhùn, àwọn èèyàn á tún kí ìdáhùn náà. Kí oòrùn tó kàtàrí, áàpù ti dákú. Ohun kan ṣoṣo tó ń sọ fún gbogbo ayé ni pé kí wọ́n dúró ná.

Mo fi òṣìṣẹ́ kún un, ìyẹn àwọn ẹ̀dà áàpù náà tí yóò jọ máa dá èèyàn lóhùn. Ó burú sí i. Ẹ kó apọnmi jọ sídìí kànga tó ní okùn kan ṣoṣo, kí ni wọn yóò ṣe bí kò ṣe ìjà? Mo bú kọ̀ǹpútà, mo bú ará ìlú, mo bú ọ̀rẹ́ mi tó ń fi mí rẹ́rìn-ín láti Ìlọrin.

Bàbá ò bìkítà fún dátábéèsì. Lẹ́yìn gbogbo ìkíni tí mo bá kà, wọ́n á ní, "Ta ló tún kù?" Mo mọ ẹni tí wọ́n ń wá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Kánádà. Nígbà tó fẹ́ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ kó lọ, Bàbá sọ fún un pé ìyà ni yóò jẹ níbẹ̀. Láti ìgbà náà, èmi ló ń bi léèrè àlàáfíà Bàbá. Kò pè wọ́n rí. Bàbá náà ò pè é. Orí kunkun wọn dọ́gba. Àmọ́ ohùn ọmọ yẹn ni ọkàn Bàbá ń fà sí, àánú wọn sì ń ṣe mí.

Ọ̀sán ti ń rọlẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni, inú ń bí i burúkú-burúkú.

"Irú jákujàku wo lo kọ yìí? Látìgbà tí mo ti jí ni mo ti ń gbìyànjú láti kí Bàbá. Dúró ná, dúró ná! Ṣé mo máa dúró dọdún ni? Gbé fóònù fún wọn jàre!"

Mo gbé e sí Bàbá létí. Wọ́n ní, "Ṣé òtútù ibẹ̀ ò pọ̀ jù?" Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, wọn ò sì dákẹ́ títí bátìrì mi fi kú. Wọ́n bá ara wọn jà díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, Bàbá ní kó má máa jẹ búrẹ́dì nìkan. Nígbà tí mo gba fóònù, omi ń bọ́ lójú Bàbá tí wọn ò dì. Wọ́n ní oògùn dókítà ni.

Ojú tì mí débi pé kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti kó gbogbo rẹ̀ lọ sínú PostgreSQL. Ẹ wá wò ó! Kí gbogbo ìlú máa kí lẹ́ẹ̀kan náà, kò mì. Alága ẹgbẹ́ yìn mí nípàdé, wọ́n ní mo ti gbé Ìlọ́fà dé ibi gíga, èmi náà sì fẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo dá íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá yìn mí. Láràárọ̀ ló ń kọ ọ́ síbẹ̀ báyìí: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Á wọlé wẹ́rẹ́, kí n tó ṣẹ́jú. Kò pe fóònù mọ́.

Ojú Bàbá ti là, wọ́n ń ka ìkíni fúnra wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí síta, fóònù wà lọ́wọ́ wọn, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá" ti ẹ̀gbọ́n mi sì wà lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi, dátábéèsì àtijọ́ yẹn, ṣé o ti dà á nù?"

Mo ní rárá o, ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Dá a padà síbẹ̀," ni Bàbá wí. "Jẹ́ kó máa bí ẹ̀gbọ́n rẹ nínú."