Ìwé Tó Ń Rùn Bí Ẹja

Owó tí mo fi ra ẹja yíyan kan ṣoṣo ní ọjà Mahintedo láàárọ̀ yìí ìbá ra odindi agbọ̀n nígbà tí a wà ní yunifásítì. Òórùn rẹ̀ ló rán mi létí ọ̀rẹ́ wa kan, tó máa ń to ìwé rẹ̀ sókè ààrò tí ìyá rẹ̀ fi ń yan ẹja, kí ọ̀rinrin má bàa bà wọ́n jẹ́. Ọ̀gá Ẹja là ń pè é. Ó máa ń sọ pé, "Ohun tí o ò bá mọ ibi tó wà, o ò ní in."

Nígbà tí wọ́n gbà á láti lọ gboyè kejì nínú ìmọ̀ ilé-ìkàwé àti ìsọfúnni, ó bi wá bóyá iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀gá Ẹja, ṣé ó di ẹ̀ẹ̀mejì ní yunifásítì kí o tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbọn eruku ara ìwé?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ó ju lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á sínú iná ààrò, ó sì jókòó ti iṣẹ́ ẹja yíyan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi bi mí ní ìbéèrè kan náà. Kíá ni mo ní kó lọ, pé iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀.

Àwa mẹ́rin la jọ kàwé jáde. Àwa mẹ́ta tí a rẹ́rìn-ín ṣì wà láàyè. Òun ti kú, òkun sì ti gbé itẹ́ òkú etíkun tí a sin ín sí lọ; a ò mọ ibi tó wà mọ́.