Ìlú Tí Kò Kí Alága

Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí nígbà tí wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí yóò yan ìlú àti pápá ìṣeré fún líìgì bọ́ọ̀lù tuntun kan ní Kánádà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì nígbà náà, ní ilé-ìwé kan nítòsí Landover, ní Maryland. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó bí mi nínú láyé ni mo ti gbàgbé. Ti ìgbìmọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ lè máa béèrè pé kí ló kan ará Maryland nínú bọ́ọ̀lù Kánádà. Ìbéèrè tó dára ni. Alága wa jẹ́ ẹnjiníà, ó sì jẹ́ àgbà nínú ìjọ wa ní Riverdale. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ lọ sí ilé-ìwé girama ní Ìbàdàn. Ọ̀rẹ́ yìí ń gbé ní Toronto, ó sì wà lára àwọn oníṣòwò tó fẹ́ dá líìgì náà sílẹ̀, líìgì tí bọ́ọ̀lù gbígbá yóò ti jẹ́ iṣẹ́ oṣù fún àwọn tó ń gbá a. Ìlú mẹ́jọ ni wọ́n ń wá. Ọ̀rẹ́ náà ní kí alága kó àwọn tó mọ̀wé nínú ìjọ wa jọ, kí a yẹ àwọn ìlú wò, kí a sì fi orúkọ mẹ́jọ ránṣẹ́. Inú wa dùn gan-an. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn pé ẹnìkan rántí pé òun kàwé?

Ẹni márùn-ún ni wá. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ni a máa ń pàdé, nínú yàrá tó wà lábẹ́ ilé ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì kan wà nínú wa tó máa ń ti ilé ìwòsàn bọ̀ tààrà. Yóò bọ́ bàtà, yóò gbé ẹsẹ̀ lé àga kejì, yóò sì ní kí a máa bá ọ̀rọ̀ lọ, pé etí òun kò sùn. Ó mọ bọ́ọ̀lù ju gbogbo àwọn ọkùnrin ibẹ̀ lọ.

Èmi ni mo ṣe iṣẹ́ yíyẹ̀wò náà. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń bójú tó pápá ìṣeré ní ìlú mẹ́rìnlá. Ìbéèrè kan náà ni mo bi gbogbo wọn: ìjókòó mélòó ni ẹ ní? Koríko ibẹ̀ ńkọ́? Oṣù wo ni yìnyín máa ń yọ́ tán? Kí ni wọ́n tún ń ṣe lórí pápá yẹn? Bọ́ọ̀sì ha ń débẹ̀? Ọ̀pọ̀ wa rò pé bákan náà ni òtútù Kánádà rí láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìlú tó wà létí òkun lè ti máa rí koríko nígbà tí èyí tó wà láàárín ilẹ̀ ṣì ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bí lẹ́tà wọn ṣe ń dé ni mo ń to wọ́n sínú fáìlì, mo sì ń fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní máàkì bí ìgbà tí mo ń máàkì ìwé ìdánwò.

Lẹ́tà Halifax, ìlú kan létí òkun, ló kọ́kọ́ dé. Ẹni tó kọ ọ́ dáhùn ìbéèrè mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ọ̀kan, ó sì fi fọ́tò pápá náà sínú rẹ̀. Ipò kẹta ni Halifax wà nígbà tí mo parí.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ìgbìmọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, ń gbé ní Halifax. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù dáadáa nílé kí orúnkún rẹ̀ tó bàjẹ́. Ní Halifax, ilẹ̀ ilé ìwòsàn ló ń gbá lójúmọ́, tí ilẹ̀ bá sì ṣú, á lọ máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ti ṣèlérí fún un pé tí ìlú àwọn bá wọlé, òun ni yóò jẹ́ igbákejì kóòṣì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó sọ fún mi lórí fóònù, "tí èyí bá bọ́ sí i, mo máa fi ìgbálẹ̀ yẹn dáná."

Mi ò sọ fún un pé mo wà nínú ìgbìmọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ṣe ojúsàájú. Kódà, mo máàkì Halifax le ju àwọn tó kù lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló tún ṣe ipò kẹta.

Nígbà tí fáìlì pé, alága ní ó ku kí òun fi ẹnu ara òun bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀. Ó fi ọ̀sẹ̀ kan pè wọ́n. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó ti bọ́ fìlà sórí tábìlì kí a tó jókòó tán.

"Ẹ ṣeun, tíṣà," ó ní. "Iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe. Ṣùgbọ́n ìwé ò lè sọ irú ẹni tí èèyàn jẹ́. Ẹ yọ Halifax. Ọkùnrin yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́."

"Kí ló fi ṣe yín, sà?" nọ́ọ̀sì béèrè.

"Mo kí i. Mo béèrè ìdílé rẹ̀. Ó ní kí ni mo fẹ́! Mo ń ṣàlàyé lọ́wọ́, ó ní kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ó gbé fóònù sílẹ̀. Èmi! Ọmọ tí mo lè bí!"

"Alága, orí fóònù náà lẹ ti mọ̀ pé ẹ lè bí i?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti rí ìlú tí yóò gba ipò rẹ̀, ìlú kékeré kan láàárín gbùngbùn Kánádà tí mi ò ní dárúkọ. Ìlú yìí ló gbẹ̀yìn nínú fáìlì mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń ṣọ́ pápá ibẹ̀ kí alága dáadáa, ó béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì pè é ní "sà" láìmọye ìgbà.

"Ọmọlúàbí gidi," alága ní.

Mo yọ fọ́tò pápá ìlú kékeré náà jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wò ó. Pápá bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi igi gbá ni, èyí tí wọ́n ń pè ní baseball. Òkìtì amọ̀ tí ẹ ń wò yìí, orí rẹ̀ ni ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù máa ń dúró sí. Àwọn fúnra wọn sì kọ ọ́ pé yìnyín máa ń wà níbẹ̀ nínú oṣù kẹrin."

"Òkìtì? Ṣé Olúmọ ni? Wọ́n á hú u. Ẹ wo ibi tí wọ́n ń kọ́ pápá ńlá sí ní Landover níbí, ṣé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn?"

"Wọ́n á hú òkìtì, sà," nọ́ọ̀sì ní. "Ta ló máa hú òtútù?"

Èmi ni alága kọjú sí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tíṣà, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti dárúkọ Halifax lónìí. Àbí ẹ ní èèyàn níbẹ̀ ni?"

Mo ní, "Rárá o, sà."

Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́. Mo tún fi kún un pé, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, sà." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo jókòó, mo fi táípù tẹ orúkọ ìlú mẹ́jọ láìsí Halifax níbẹ̀. Mo kọ ìdí tí a fi yọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí alága ṣe ní kí n kọ ọ́: wọn kò bọ̀wọ̀ fún àlejò. Mo buwọ́ lù ú, mo sì tẹ orúkọ mi sísàlẹ̀ rẹ̀ kedere, nítorí mi ò fẹ́ràn ìwé tí kò mọ́.

Àwọn oníṣòwò Toronto fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú tí ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn ará Halifax kà á, wọ́n sì tú ẹgbẹ́ wọn ká. Oṣù kẹrin ni Toronto tó rán ènìyàn lọ wo ìlú ọmọlúàbí wa. Yìnyín mu ún dé orúnkún, ó sì kọsẹ̀ lára òkìtì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ju gbogbo ìwé wa nù, èyí tó dára nínú rẹ̀ àti èyí tí kò dára. Líìgì náà kò bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ni àbúrò mi ti pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí ìwé kan lónìí. Wọ́n ní ìlú wa ò mọ èèyàn kí. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo ní Yorùbá ló máa kọ eléyìí. Ìgbà tí mo wo ìsàlẹ̀, mo rí orúkọ bàbá wa."

Mo fa fáìlì mọ́ra, mo yọ lẹ́tà Halifax jáde.

"Ọkùnrin tí wọ́n pè yẹn, òun nìkan ló ń tọ́jú pápá. Ó sáré wọlé látorí koríko wá gbé fóònù. Bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá kọ lẹ́tà sí i, ọjọ́ tó bá dé ló máa dá yín lóhùn."

"Mo mọ̀," mo ní. "Lẹ́tà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ipò kẹta ni máàkì tí mo fún yín gbé yín sí. Ẹ̀rù ló bà mí kí wọ́n má sọ pé torí tìẹ ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kí ẹ ṣe ojúsàájú? Ṣebí máàkì tí ẹ fún wa náà ni kí ẹ jẹ́ ká gbà."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí tọ alága lọ. Ó fetí sílẹ̀ dé òpin, lẹ́yìn náà ló ní, "Tíṣà, ṣebí mo bi yín." Inú bí mi débi pé mo dìde láì dágbére. Inú ń bí mi sí alága tó fi ìkíni díwọ̀n pápá bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe pé mo kórìíra ìkíni o. Èmi náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí níbí láti kúnlẹ̀ kí àgbà. Ṣùgbọ́n ìkíni kò lè yọ́ yìnyín. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé òótọ́ ló sọ. Ó bi mí, mo sì sẹ́ ọmọ ìyá mi lójú rẹ̀ àti lójú ìgbìmọ̀.

Àbúrò mi gbálẹ̀ ilé ìwòsàn náà títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀. Ó ṣì ń pè mí. Kì í bá mi sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Tí wọ́n bá fi yín ṣe akọ̀wé, tí ẹ sì mọ ohun tó wà nínú fáìlì, ẹ sọ ọ́ níwájú àgbà, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì sọ ẹni tó jẹ́ tiyín níbẹ̀ kí wọ́n tó bi yín. Tí wọn kò bá gbọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn buwọ́ lu ìwé náà.