Ọwọ́ Tó Pa Ojú Ọmọ Mi Dé

N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn aládùúgbò mi ní Kado mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá wá jókòó kọ èyí, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àlọ́. Ojú mi méjèèjì ló rí i, lọ́sàn-án gangan, oòrùn ń ràn.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Mojí, ni ìyàwó mi fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú. Abuja níbí la bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Òyìnbó ló fi ń dáhùn. Nígbà tó ní òun fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wa fi Ogun Kírìjì ayé àtijọ́ ṣeré, inú mi dùn.

Pápá kan ní Galadimawa ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìbọn igi, ẹ̀wù tí wọ́n fi èédú kùn, èéfín táyà. Mojí wà lára àwọn tí yóò kú.

Àṣà kan wà níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ti ṣubú, gbogbo òbí a kẹ̀yìn sí pápá títí wọn yóò fi dìde, torí òbí kì í wo òkú ọmọ rẹ̀. Eré ni o, àmọ́ a kì í fi ìyẹn ṣeré.

“Bàbá Mojí, ẹ yíjú,” ni ìyá àgbà kan tó dúró tì mí lọ́jọ́ náà sọ wẹ́lẹ́.

“Òun nìkan ni mo ní, Mama.”

“Kai! Ẹ lóríkunkun.” Ó kẹ̀yìn sí pápá.

N ò yíjú.

Ẹ gbà mí gbọ́, ọkùnrin kan jáde láti inú èéfín. Mo ti wo ìdánrawò wọn léraléra, kò sí i nínú wọn. Ẹ̀wù rẹ̀ ti gbó mọ́ ọn lára. Ó ń ti ọ̀dọ̀ ọmọ kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn, ó ń wo ojú wọn bí ẹni tó ń wá ẹni tirẹ̀.

Ó dé ọ̀dọ̀ Mojí, ó kúnlẹ̀. Ó na ọwọ́, ó pa ojú rẹ̀ dé bí a ti ń pa ojú òkú dé.

Mo fẹ́ kígbe.

Fèrè dún. Àwọn òkú dìde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbọn eruku ara wọn. N ò rí ọkùnrin náà mọ́. Mojí ò dìde.

Bí mo ṣe sáré dé ibẹ̀, n ò mọ̀. Ara rẹ̀ tutù nínú oòrùn yẹn. Mo pe oríkì rẹ̀: “Àjọkẹ́! Àjọkẹ́ mi!” Ó pẹ́ kó tó lajú.

“Dádì,” ó rọra sọ ọ́, Yorùbá ló sì fi sọ ọ́, “bàbá yẹn ní kí n má tíì dìde.”

“Bàbá wo?”

“Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò tíì sin wá.”

Ipa ìka méjì ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀ títí di òní, dúdú bí ẹ̀tù ìbọn. Ọṣẹ ò ràn án. Dókítà tó wò ó ní Maitama ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ó tún ń wá bàtà tí yóò wọ̀ lọ sí ìdánrawò. Mo ní kò ní lọ. Kò bá mi jiyàn. Ó pa wíwá bàtà tì.

“Kò burú, Dádì. Bàbá yẹn ti mọ ilé wa.”

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà nínú eré yẹn, ẹ jẹ́ kó yìnbọn, ẹ jẹ́ kó sá. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó dùbúlẹ̀.