Ọ̀pá Ẹnu Ọ̀nà Bàbá Mi

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi, Rùfáì ọmọ Ìgbòho, fi ta òwú, bọ́tìnnì àti sípù fún àwọn télọ̀ ní ọjà Siporex, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Bí àkókò ìrun bá tó, á gbé ọ̀pá kan dábùú ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á sì lọ. Àwọn télọ̀ ń pe ọ̀pá náà ní jándámù Alàájì, ọlọ́pàá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ré e kọjá. Mo ṣì rántí òórùn òwú tuntun, àti Joël, ọmọ Pélagie tó ń ta attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó máa ń dúró síta títí bàbá mi á fi dé, nítorí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n kéde èsì ìbò, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kan dáná sun ọjà. Ó wà nínú fídíò: Joël gbé ọ̀pá náà sọnù, ó da epo mọ́tò sórí òwú, ó ṣáná sí i.

Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, Pélagie kó àwọn àgbà ìjọ rẹ̀ àti lèmọ́mù wa wá. Ó kúnlẹ̀ sórí eérú. Nílé wa, a kì í kọ ẹ̀bẹ̀ ìyá tó kúnlẹ̀. Bàbá mi ní òun ti forí jì í. Lọ́yà Joël kọ ọ́ sínú ìwé, bàbá mi fọwọ́ sí i. Kò bi mí léèrè, èmi tí mo gboyè nínú ìmọ̀ òfin.

Adájọ́ ka ìwé náà, ó dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, avec sursis: Joël kò ní wọ ẹ̀wọ̀n àfi bó bá tún ṣẹ̀. Àwọn mẹ́fà tí wọ́n jọ jẹ́jọ́ gba irú rẹ̀, títí kan àwọn tí ẹnikẹ́ni kò forí jì.

Gbogbo ọjà ń kùn. Aboudou télọ̀ ní ẹni tó jí adìyẹ ní Abobo, ọdún kan gbáko ni wọ́n fún un. Ó ní òun náà á kúkú lọ ṣe òṣèlú. Ó wá kọjú sí bàbá mi:

“Alàájì, ṣé ẹ rí ohun tí ìwé yín ṣe?”

Bàbá mi dá a lóhùn pé: “Mo ní kí Ọlọ́run forí jì í. N kò ní kí adájọ́ má ṣe iṣẹ́ rẹ̀.”

Lóṣù tó kọjá, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun. Joël wá kí i. Bàbá mi dá a lóhùn, ó béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Èmi kọ ẹ̀yìn sí i.

Nígbà tí ìrun tó, ó gbé ọ̀pá tuntun dábùú ẹnu ọ̀nà. Ó wò ó. Ó tún gbé e kúrò.

“Ànísà, bá mi ra àgádágodo ní ọjà Adjamé.”

Mo ra méjì; ọ̀kan kò tó lójú mi.