Ẹja Tíṣà Ọláoyè

Kò sí ọmọ Yorùbá kan ní Ikpoba Hill tí kò gbọ́ nípa Tíṣà Ọláoyè àti ẹja ìkórè. Lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n ti gbé ìrẹsì kalẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, odindi ẹja epìyà wà lórí àwo kọ̀ọ̀kan, Pásítọ̀ Jayéọlá sì ti gbàdúrà tán. Bí pásítọ̀ ṣe na ọwọ́ sí ẹja tirẹ̀ ni Tíṣà fò dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án! Gbéminíyì, bọ́ síwájú. Kí là ń pe lẹbẹ tó wà lẹ́yìn ẹja pásítọ̀ yìí?"

Ìdánwò Báyọ́lọ́jì àwọn ọmọ SS3 ti kan ilẹ̀kùn. Gbéminíyì ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú. Bàbá rẹ̀ ti búra pé bó bá tún fìdí rẹmi, ilé aránṣọ ló ń lọ. Ọmọ náà ranjú mọ́ ẹja, ẹja náà ranjú mọ́ ọn.

"Sir, I sabi am before. Na hunger make me forget."

Pásítọ̀ mí kanlẹ̀. "Tíṣà, ebi ń pa ìjọ Ọlọ́run o."

"Ẹ fara dà á, sà. Ìdánwò ò mọ ebi."

Ìrẹsì tutù pátá kí ọmọ tó dárúkọ àwọn lẹbẹ náà tán. Comfort, ìyá rẹ̀, bínú pé Tíṣà pa ọmọ òun lẹ́kún láàárín àwùjọ. Tíṣà ní ẹkún orí ẹja sàn ju ẹkún orí èsì ìdánwò lọ.

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kò gbà kí ọmọ fi àwòrán kọ́ ohun tó ń mí. Alángbá tó ń gbé lọ sílé ìwé ní GRA já bọ́ nínú ọ̀rá lọ́jọ́ kan nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, àwọn èrò yòókù sì bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Tíṣà ń sáré tẹ̀ lé alángbá náà, ó ń kígbe pé, "Abeg, make una no kill am! Na my practical be dat!"

Lẹ́yìn ìkórè, Gbéminíyì ń sá fún un. Tíṣà wá ń gbé ẹja lọ sílé wọn ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ àwọn lẹbẹ rẹ̀, wọ́n á wá sè é. Nígbà tó yá, bàbá ọmọ bẹ̀ ẹ́.

"Tíṣà, ṣé kò sí màlúù nínú Báyọ́lọ́jì yín ni?"

Ẹja epìyà ló tún wà níwájú Gbéminíyì lọ́jọ́ ìdánwò. Ó bú sẹ́rìn-ín, alámòójútó sì bá a wí. Ó yege. Nọ́ọ̀sì ni lónìí.

Tíṣà kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ó sì dùn wá gan-an. Nígbà tí a sìnkú rẹ̀ tán, wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹja sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn kan náà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Pásítọ̀ ló gbé àwo tirẹ̀ sókè.

"Gbéminíyì, bọ́ síwájú."

Ó ń dárúkọ àwọn lẹbẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó ku ẹyọ kan, ó fọwọ́ bojú. Pásítọ̀ ló bá a dárúkọ ìyẹn, nítorí ebi ọjọ́ ìkórè ti kọ́ òun náà. Ìgbà yẹn la tó jẹun. Ìrẹsì ti tutù.