Oríkì Tí A Kì Lórí Pósí Eré

Ẹ̀rín ni àbúrò mi fi ń jẹun. Nínú fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, ọkọ ìyàwó tó ń só níwájú àwọn àna rẹ̀ ló ṣe, gbogbo àdúgbò Akpakpa sì rẹ́rìn-ín títí ìfun fi ń dùn wọ́n. Ẹnì kan ni kò rín: ìyá rẹ̀ ní Pobè, àbúrò ìyá tó bí mi. "Ṣé isó ni mo rán an lọ kọ́ nílé ìwé?" Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí a wá ń ṣe Apá Kejì, nǹkan kan ṣoṣo ni àbúrò mi ń wá: kí ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìbáà ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ni mo kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Onísó wa díbọ́n pé òun kú, kó lè mọ ẹni tí yóò sunkún òun. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú pósí, ìyàwó ń ké, àna ń ké, ni òkú bá só. Ṣùgbọ́n ẹkún ìyàwó náà gbẹ jù létí mi. Mo ní kó kì í, bí a ṣe ń kì òkú nílé wa. Oríkì wo ni kó kì? Mo kọ́ ọ ní ti àbúrò mi gan-an, láti orí dé ìsàlẹ̀. Mo rò pé tí àwọn ará ilé bá gbọ́ ọ, wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ rín kú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé èyí ò ti pọ̀ jù?" Inú pósí ló ti bi mí.

"Òkú kì í sọ̀rọ̀," ni mo dá a lóhùn. "Dùbúlẹ̀, jàre."

Àdúgbò Cadjèhoun la ti kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn. Akọ̀ròyìn kan sọ lórí rédíò, pẹ̀lú Faransé tó le koko, pé Apá Kìíní rùn, Apá Kejì sì ti jẹrà. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín dáadáa, àfi pé nígbà tí oríkì bẹ̀rẹ̀, àwọn Nàgó, àwọn tó gbọ́ èdè wa, tó jókòó lẹ́yìn pa rọ́rọ́. Bàbá àgbà kan dìde, ó jáde, kò padà wọlé. Mo ní ilé ìtọ̀ ló lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, a mú ìyá wá sí gbọ̀ngàn kan ní Akpakpa. Àga iwájú la fún un. Ẹ gbọ́, ó rín! Nígbà tí ewúrẹ́ àna ń lé onísó kiri, èjìká ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àbúrò mi di ọwọ́ mi mú lẹ́yìn níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kán an.

Pósí wá dé. Ìlà àkọ́kọ́ nínú oríkì náà, èjìká dúró. Ìyá dìde. Òjìji rẹ̀ bo òkú mọ́lẹ̀ lójú aṣọ funfun tí fíìmù ń hàn lára rẹ̀.

"Ta ni wọ́n ń kì?"

Ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ó tún pè é, ohùn rẹ̀ ń gòkè.

"Mo wà níbí, ìyá!"

Ìgbà yẹn ni òkú só. Àwọn tí kò gbọ́ oríkì wa rẹ́rìn-ín.

"Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀," ni ìyá wí. "A kì í kì alààyè lórí pósí."

"Ìyá, ó ti wà nínú fóònù àwọn èèyàn. Kò ṣeé kó padà mọ́," ni àbúrò mi fèsì.

Ó yíjú sí mi. "Òun ò mọ oríkì yẹn tán. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a sin ìyá lọ wọkọ̀ Pobè nítòsí ọjà Dantokpa. A ò tíì dúró tán tí ọkùnrin kan tó ń pe èrò fi rí àbúrò mi.

"Ẹ sá o! Òkú ti jí! Òkú, ṣé ibojì ò gbà ọ́ ni?" Ó yọ fóònù, ó tan ibi pósí, àwọn èrò yí i ká, wọ́n ń fọwọ́ lu itan.

Ìyá kò bá a jà. Ó di ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Obìnrin inú fóònù ń kì í lọ, ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bí ó bá ti dánu dúró, ìyá á dáhùn jẹ́jẹ́: "Ó wà níbí." Ìlà mìíràn. "Ó wà níbí."

Dírẹ́bà fun fèrè títí. Ọkọ̀ Pobè kún, ó lọ. Ọkùnrin yẹn nu omijé ẹ̀rín, ó ní kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sún mọ́ ọn, ó tún un tàn. Ìyá náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́.