Ìkúnlẹ̀ Níwájú Kọ̀ǹpútà

Ní aago méje ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀jọ̀gbọ́n àgbàlagbà kan tó wà ní Japan pe ọ̀rẹ́ mi lórí kọ̀ǹpútà láti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, nínú yàrá tí àwa méjèèjì jọ ń gbé ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Third Ward. Ẹnì kan ṣoṣo ni yunifásítì wa máa rán lọ kàwé lọ́dọ̀ wọn fún ọdún kan. Lọ́dún tó ṣáájú, ọ̀rẹ́ mi gbìyànjú, àmọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n mú. Bí ojú bàbá náà ṣe yọ, ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì pòórá lójú kọ̀ǹpútà.

Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Dìde jọ̀ọ́, àga ni wọ́n ń wò."

"Jẹ́ kí n kí wọn tán ná."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nínú bọ́ọ̀sì, á máa ka èdè Japan sókè títí a ó fi sọ̀kalẹ̀. Tí mo bá ní ó ti tó, á ní, "Ó kù díẹ̀ kì í ṣe mo ti dé."

Mi ò lè sọ pé ìkúnlẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n mú un. Mo kàn mọ̀ pé bàbá náà rẹ́rìn-ín, àti pé wọ́n mú un. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ti mọlé níbẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ó fi àwòrán ilẹ̀kùn yàrá kan ránṣẹ́ sí mi láti Japan. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilẹ̀kùn náà.